Màmá fẹ́ pé 70, inú ọgbà lẹ̀bùn àlejò máa ti wá: báwo ni mo ṣe máa ṣe é tí kò fi ní bu?

Àbẹ̀kẹ́_Mọ́níyà (Ìbàdàn)

Ẹ kú ilé o, ẹ̀yin èèyàn mi. Màmá mi yóò pé ẹni 70 ọdún ní Sátidé tó máa kẹ́yìn oṣù kọkànlá. A ò fẹ́ pariwo, èèyàn 60 péré la pè, ẹ̀yìnkùlé la ti máa jẹ, tí a máa mu. Ẹ̀gbọ́n mi obìnrin ní ká lọ ra abọ́ rọ́bà ká tẹ fọ́tò màmá sí i lára, pé ohun tí gbogbo ayé ń ṣe nìyẹn. Èmi ò gbà. Abọ́ rọ́bà tó wà nílé mi báyìí tó o fi ṣí ṣọ́ọ̀bù. Fọ́tò bàbá kan tí mi ò mọ̀ rí wà lára ọ̀kan, àràárọ̀ ni mo ń fi bàbá ọ̀hún bu gàrí.

Màmá ní ọgbà kan lẹ́yìn ilé. Efinrin pọ̀ níbẹ̀ bí ẹni pé wọ́n fi gégùn-ún fún wa, ewé tíì tí àwọn kan ń pè ní koríko ọba ti di igbó lẹ́bàá ògiri, dógóyárò kan wà, ìṣápá pupa ti ń so, igi láálì méjì sì wà tí màmá fi ọwọ́ ara rẹ̀ gbìn. Inú ọgbà yẹn ni mo fẹ́ kí ẹ̀bùn àwọn àlejò ti wá.

Ìṣòro mi rèé. Lọ́dún tó kọjá mo gé ewé tíì, mo sá a sóòrùn ọjọ́ méjì, mo kó o sínú ìgò, mo fi ríbọ́ọ̀nù dè é, mo pín in ní ṣọ́ọ̀ṣì lọ́jọ́ ọdún tuntun. Kò tó ọ̀sẹ̀ méjì tí ìyá àgbà kan fi pè mí lórí fóònù: "Ọmọ mi, nǹkan funfun bí òwú tó wà nínú tíì tó o fún mi yìí, ṣé òun náà la máa sè pọ̀?" Ilẹ̀ ò lanu kí n wọlé. Ẹ gbà mí o.

BabaỌlọ́gbà (Ìjẹ̀bú-Òde)

Àbúrò, kú ìmúra. Ẹ̀mí màmá á gùn.

Oòrùn ló tàn ọ́ jẹ. Tó o bá sá ewé tíì sóòrùn, ojú rẹ̀ á tètè yan, á máa dún ṣàṣà lọ́wọ́, wàá rò pé ó ti tán. Ìdí ewé náà, níbi tó ti nípọn, omi ṣì wà níbẹ̀. O wá kó o sínú ìgò, o dé e pa. Omi yẹn ò rọ́nà jáde, òun ló di òwú. Yàtọ̀ síyẹn, oòrùn máa ń gba òórùn dídùn lára ewé, àwọ̀ rẹ̀ á wá ṣì bíi koríko tí màlúù kọ̀.

Afẹ́fẹ́ ni kó o fi gbẹ ẹ́. Àárọ̀ ni kó o gé e, nígbà tí ìrì bá ti gbẹ lára rẹ̀ tí oòrùn ò sì tíì mú. Fi aṣọ wé ọwọ́, torí etí ewé yẹn mú bí abẹ. Má gé e kanlẹ̀ o! Fi ìwọ̀n ìkúùkù kan sílẹ̀ lórí ilẹ̀, ibẹ̀ ló ti máa rú padà. Fọ̀ ọ́, gbọn ọ́n, tẹ́ ẹ sórí aṣọ kí omi ara rẹ̀ fà. Ìgbà tó ṣì tútù ni kó o fi sísọ́ọ̀sì gé e wẹ́wẹ́, ìwọ̀n oríkèé ìka kan, torí tó bá gbẹ tán yóò le mọ́ ọ lọ́wọ́. Kan igi mẹ́rin pọ̀, na nẹ́ẹ̀tì fèrèsé sórí rẹ̀, gbé e lé bíríkì kí afẹ́fẹ́ lè gba abẹ́ rẹ̀ kọjá, kó o wá tẹ́ ewé náà fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́. Yí i láàárọ̀, yí i nírọ̀lẹ́. Nígbà ẹ̀ẹ̀rùn, ọjọ́ mẹ́rin sí márùn-ún ti tó. Bí òjò bá ṣì ń rọ̀, kà á sí ọ̀sẹ̀ kan tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ, kó o sì tan fáànù sí i nígbàkígbà tí iná bá wà.

Mú ibi tó nípọn jù, tẹ̀ ẹ́ wò. Tó bá ká bí okùn, kò tíì gbẹ. Tó bá ṣẹ́, ó ti ń gbẹ nìyẹn, ṣùgbọ́n má tíì gbà á gbọ́. Kó díẹ̀ sínú ìgò tó mọ́ gaara, dé e pa, fi í sílẹ̀ di ọjọ́ kejì. Tó o bá rí i pé inú ìgò làágùn, kó tiẹ̀ jẹ́ bíńtín, dà á padà sórí nẹ́ẹ̀tì. Èmi kì í fún ẹnikẹ́ni ní ewé tí kò bá tíì sun inú ìgò mọ́jú.

Àbẹ̀kẹ́_Mọ́níyà

Ẹ ṣé gan-an sà. Kanlẹ̀ ni mo máa ń gé e o, mo rò pé ó ń fi bẹ́ẹ̀ mọ́ tónítóní ni. Efinrin ńkọ́? Tèmi máa ń dúdú bí ẹni pé iná jó o.

Ìyá_Ìbejì (Òṣogbo)

Efinrin ò fẹ́ ìnira rárá. Tó o bá rún un, tó o bá dì í mọ́nú ọ̀rá, tó o bá kó o jọ gègèrè, dúdú ló máa dú. Kó tó yọ òdòdó ni kó o ti gé e, lódindi ẹ̀ka. Di ẹ̀ka márùn-ún márùn-ún pọ̀ ní ìdí, so wọ́n kọ́ sí kọ̀rọ̀ yàrá kí orí wọn dojú kọlẹ̀. Ìgbà tó bá gbẹ ni wàá já ewé kúrò lára igi. Màá sọ òótọ́ fún ọ o: efinrin gbígbẹ ò lè bá tútù dọ́gba nínú ọbẹ̀. Ẹni tó bá ní tútù lẹ́yìnkùlé ò ní fojú wo gbígbẹ. Ṣùgbọ́n nínú àpótí aṣọ, àwé, ọba ni!

Èyí ni màá ṣe fún èèyàn 60 tó bá jẹ́ èmi ni ìwọ. Lọ bá télọ̀ rẹ, ní kó bá ọ kó ìrépé ankara jọ. Ọ̀fẹ́ ni wọ́n máa ń fún mi, tèmi tiẹ̀ ń dúpẹ́ pé mo bá òun gbálẹ̀. Fọ gbogbo rẹ̀ ná, torí sítáàṣì tó wà lára ankara tuntun kì í jẹ́ kí òórùn jáde. Gé e kí ìbú rẹ̀ jẹ́ àtẹ́lẹwọ́ kan, kí gígùn rẹ̀ jẹ́ méjì. Ṣẹ́ ẹ po kí òdì rẹ̀ wà níta, rán ẹ̀gbẹ́ méjèèjì, yí i padà. Àpò ti dé nìyẹn. Ohun tí mo máa ń rọ sí i: efinrin gbígbẹ ẹ̀kúnwọ́ mẹ́ta, ewé tíì ẹ̀kúnwọ́ méjì, èèpo ọsàn tí mo ti gbẹ títí tó fi ń dún, àti kànáfùrù ṣíbí kan tí mo fi ọmọ ọlọ fọ́ díẹ̀. Kì í ṣe kó o lọ̀ ọ́ o, fọ́ ọ lásán. Èyí á kún àpò mẹ́rin tàbí márùn-ún. Má rọ ọ́ kún dé ẹnu, fi ààyè sílẹ̀ kí èèyàn lè fún un lọ́wọ́, torí bí òórùn rẹ̀ bá ń lọ, ẹni tó ni ín á fún un lẹ́ẹ̀mejì, á tún jí. Ìko ni kó o fi dè é. Ríbọ́ọ̀nù ti sú ayé.

Ẹni tó bá ń lo kánfọ̀ sáàárín aṣọ á mọ ìyàtọ̀ lọ́jọ́ àkọ́kọ́: gèlè rẹ̀ ò ní máa rùn bíi ti òkú àná. Àmọ́ má sọ fún àwọn àlejò pé ó ń pa aáyán. Aáyán ilé mi ń sùn lórí ẹ̀.

Ṣadé_Agége

"Aáyán ilé mi ń sùn lórí ẹ̀." Mo ti rẹ́rìn-ín dé òpin ọ̀sẹ̀ 😂

Ọmọ_Ìlọrin

Kí ló dé tẹ́nikẹ́ni ò mẹ́nu ba láálì? Igi méjì tí ìyá tó ń ṣọjọ́ ìbí fọwọ́ ara rẹ̀ gbìn! Èyí ló yẹ kó ṣáájú.

Já ewé rẹ̀, sá a síbi òjìji. Kì í pẹ́ gbẹ torí ewé kékeré ni. Gún un nínú odó tó mọ́, tí ata ò dé rí. Ọ̀rẹ́ mi kan fi odó ata gún tirẹ̀, ìyàwó tuntun tí wọ́n lé e fún ò gbàgbé rẹ̀ títí dòní. Fi ìborùn tó fẹ́lẹ́ kù ú, má fi asẹ́ ẹ̀kọ kù ú, torí bí kò bá kúnná, ìlà tí wọ́n bá fà ò ní dára. Dì í sínú ọ̀rá tó nípọn, kó o tún fi bébà wé e, ìmọ́lẹ̀ máa ń ba àwọ̀ rẹ̀ jẹ́.

Kọ ọ́ sára rẹ̀ báyìí: kí wọ́n fi omi ọsàn wẹ́wẹ́ tàbí tíì tó dúdú gan-an pò ó títí á fi rí bí ẹ̀kọ tó ki, kí wọ́n bò ó fún wákàtí mélòó kan kí wọ́n tó lé e. Tí wọ́n bá ṣí i kúrò lọ́wọ́, á kọ́kọ́ dà bí àwọ̀ ọsàn. Kí wọ́n má bú ẹnikẹ́ni. Tó bá fi máa di ọjọ́ kejì, á ti pọ́n dẹ̀dẹ̀ bí obì.

Nọ́ọ̀sì_Àgbà (Èkó)

Ẹ kú iṣẹ́ o. Mo fẹ́ fi ọ̀rọ̀ mélòó kan kún un, ẹ má bínú pé èmi ni mo máa ń ba eré jẹ́.

Láálì tí ewé nìkan wà nínú rẹ̀ kì í sábà fa wàhálà. Èyí tí wọ́n ń pè ní láálì dúdú, tí àwọn kan ń po kẹ́míkà PPD tí wọ́n fi ń pa irun láró mọ́, ó máa ń bó ara lára àwọn èèyàn bí omi gbígbóná. Àbẹ̀kẹ́, bí ẹnikẹ́ni bá ní kó o po nǹkan sí i kó lè dúdú, má gbà.

Dógóyárò, ẹ fi í sáàárín ẹ̀wà nítorí kòkòrò, iṣẹ́ rẹ̀ nìyẹn. Ẹ má dì í fún àlejò pé kí wọ́n lọ máa mu ún. Ẹ ò mọ ẹni tó lóyún láàárín wọn, kò sì dára fún aboyún.

Mo tún rí i pé àwọn èèyàn ń rẹ ááyù tútù àti efinrin tútù sínú òróró, wọ́n á dé e, wọ́n á gbé e kalẹ̀ lórí tábìlì bí ọ̀ṣọ́. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ dẹ́kun rẹ̀. Kòkòrò àìfojúrí kan wà tó fẹ́ràn ibi tí afẹ́fẹ́ kò dé, tó máa ń pèsè májèlé botulism nínú irú òróró bẹ́ẹ̀. Kì í rùn, kì í yí àwọ̀ padà, ó sì lè pa èèyàn. Òróró ewé tútù, inú fíríìjì ló ń gbé, ọjọ́ díẹ̀ péré ni wọ́n sì fi ń jẹ ẹ́ tán. Kì í ṣe ẹ̀bùn.

Kọ́lá_Ẹlẹ́rìn

Nọ́ọ̀sì, àwọn bàbá wa mu gbogbo ewé yìí, wọ́n sì pẹ́ láyé. Èmi ní kó kọ ọ́ sára tíì náà: "ó ń wo ibà, ó ń wo jẹ̀díjẹ̀dí, ó ń wo ìtọ̀ ṣúgà". Àwọn àlejò á fẹ́ràn ẹ̀.

Nọ́ọ̀sì_Àgbà

Kọ́lá, àwọn bàbá yín tó pẹ́ láyé lẹ rí. Àwọn tí kò pẹ́, ta ló ń ròyìn wọn? Ẹ kọ "ewé tíì" sára rẹ̀, ẹ kọ ọjọ́ tí ẹ dì í, ó tán.

Ìyá_Oníṣápá (Ògbómọ̀ṣọ́)

Àbẹ̀kẹ́, ìṣápá pupa rẹ ń so, o sì ń da ara rẹ láàmú! Di sóbò fún wọn. Yọ èso àárín kúrò, èèpo pupa yẹn nìkan ni kó o gbẹ. Nínú ọ̀rá kọ̀ọ̀kan: èèpo ìṣápá ife kan, atalẹ̀ gbígbẹ tó o gé wẹ́wẹ́ ṣíbí kan, kànáfùrù márùn-ún, ẹ̀ẹ́rú kan tó o ṣẹ́ sí méjì. Omi lítà kan ló máa gbà. Kọ ọ́ pé kí wọ́n yọ ẹ̀ẹ́rú kúrò kó tó korò. Àwọn tó ń lo oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru, kí wọ́n bi dókítà wọn kí wọ́n tó máa mu ún lójoojúmọ́, torí sóbò náà lè fa ẹ̀jẹ̀ ríru wálẹ̀. (Nọ́ọ̀sì, mo ti bá yín sọ ọ́.)

Bó bá sì di pé àwọn èèyàn ń béèrè pé kó o máa tà á, ó ti di ọ̀rọ̀ NAFDAC nìyẹn. Ẹ̀bùn lo ní o ń ṣe, má jẹ́ kí wọ́n tì ọ́.

Ará_Peckham (London)

Ẹ kú àárọ̀ níbẹ̀. Efinrin tèmi ń gbé inú ìkòkò lórí fèrèsé kíṣìnnì, tí òtútù bá dé ó máa ń wò mí bí ẹni tí mo jẹ ní gbèsè, lẹ́yìn náà á kú. Ọdọọdún ni mo ń tún un gbìn. Rosemary àti lavender ló ń ṣe dáadáa níbí, àwọn ni mo ń rọ sínú àpò ankara bíi ti Ìyá Ìbejì, àwọn òyìnbó ibiṣẹ́ mi sì ń tọrọ rẹ̀ nígbà Kérésìmesì. Ọjọ́ tí mo kọ́kọ́ fi lavender sí imú ni ó yé mi ibi tí ìyá mi ti rí "lọ́fínńdà" tó ń fín sára. Gbogbo ọ̀rọ̀ yẹn wà nínú òdòdó kékeré kan látọjọ́ yìí!

Ẹni tó bá fẹ́ kó ẹ̀bùn wá síbí, kó má di ewé tútù sínú àpótí. Ewé tútù láti Nàìjíríà nílò ìwé ẹ̀rí ìlera ewéko kó tó lè wọlé, wọ́n sì máa ń gbà á lọ́wọ́ èèyàn.

Ọmọ_Aláró (Abẹ́òkúta)

Ọ̀rọ̀ aṣọ ni mo fẹ́ sọ. Bí ẹ bá fẹ́ kí àpò náà gbayì, ẹ lọ sí ọjà Ìtòkú ní Abẹ́òkúta níbí, ẹ béèrè ìrépé àdìrẹ. Ewé náà ni àdìrẹ, ẹ má gbàgbé. Ìyá ìyá mi ń ṣe aró èlú. Wọ́n á gún ewé èlú tútù nínú odó, wọ́n á fi ọwọ́ mọ ọ́n róbótó-róbótó bí àkàrà, wọ́n á sá a. Lẹ́yìn náà ni wọ́n á rẹ ẹ́ sínú ìkòkò pẹ̀lú omi eérú tí wọ́n ti sẹ́, á wà níbẹ̀ fún ọjọ́ mélòó kan, á máa hó. Òórùn rẹ̀, ẹ jẹ́ ká má sọ̀rọ̀ ẹ̀. Ohun tí mi ò lè gbàgbé ni ìgbà tí wọ́n bá fa aṣọ jáde: kì í ṣe àwọ̀ aró ló máa ń jáde o, àwọ̀ ewé ni. Bó bá ṣe ń rí afẹ́fẹ́ ló ń yí padà, bó o ti ń wò ó báyìí ló ń di aró lójú rẹ. Èmi àti àwọn ẹ̀gbọ́n mi á dúró ṣùù yí màmá àgbà ká, a ó máa figbe ta ní gbogbo ìgbà bí ẹni pé a ò rí i rí.

Ọ̀pọ̀ àdìrẹ òde òní, aró oyìnbó ni wọ́n fi ṣe é, kò burú. Ṣùgbọ́n bí ẹ bá bá ti èlú pàdé, ẹ fi imú mọ̀ ọ́n, ẹ má sì fọ̀ ọ́ pọ̀ mọ́ aṣọ funfun.

Bísí_Olórí (Ṣakí)

Òrí wà níbí o, ẹ má gbàgbé wa. Kó ewé tíì gbígbẹ ẹ̀kúnwọ́ kan sínú abọ́ òrí kan, gbé abọ́ náà sínú ìkòkò omi tó ń gbóná, kì í ṣe orí iná gan-an. Fi í síbẹ̀ fún wákàtí méjì, fi aṣọ funfun sẹ́ ẹ. Ibi tí ọ̀pọ̀ ti ń ṣìṣe ni pé wọ́n á fi í sílẹ̀ kó tutù fúnra rẹ̀. Bó bá rọra tutù, á ṣe hóró-hóró bíi gàrí. Gbé e sínú fíríìjì lójú ẹsẹ̀, nígbà tó bá bẹ̀rẹ̀ sí í dì, fi ṣíbí lù ú dáadáa, á jọ̀lọ̀. Agolo ni kó o rọ ọ́ sí, kì í ṣe bébà, oòrùn Ìbàdàn á yọ́ ọ.

Àbẹ̀kẹ́_Mọ́níyà *(ọ̀sẹ̀ méje lẹ́yìn náà)*

Ẹ̀yin èèyàn mi, a ti jẹ ẹ́, a ti mu ún, mo padà wá jábọ̀.

Àpò efinrin 60 ni mo rán, ìrépé àdìrẹ fún àwọn àgbà, ankara fún àwa tó kù. Ìgò ewé tíì 30, gbogbo wọn ló sun mọ́jú bí bàbá ṣe wí. Mẹ́rin làágùn, mo dà wọ́n padà. Láálì ò pọ̀, ọ̀rá 12 ló kún, àwọn ẹ̀gbọ́n màmá ló gbà á tán, wọ́n jókòó lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀ wọ́n ń lé e sí èékánná ara wọn lábẹ́ kánópì. Ti òrí ni mo ṣi ṣe. Mo kó agolo mẹ́wàá sí búùtù ọkọ̀ láàárọ̀, nígbà tí mo máa fi ṣí i, ó ti di epo, ó ti dà sára gèlè ẹ̀gbọ́n mi. Ẹ̀gbọ́n mi tó fẹ́ ra abọ́ rọ́bà. Ẹ má bi mí bí a ṣe yanjú ẹ̀. Bó ti ń bínú tó, àpò efinrin mẹ́rin ló kó lọ.

Ìyá àgbà tó pè mí lọ́jọ́sí wá. Mo kúnlẹ̀, mo fi ọwọ́ méjèèjì gbé ìgò tíì fún wọn. Wọ́n gbé e sókè sí oòrùn, wọ́n yí i lápá ọ̀tún, wọ́n yí i lápá òsì, wọ́n ṣí i, wọ́n fi imú sí i. Wọ́n ò sọ̀rọ̀. Wọ́n fi í sínú báàgì wọn, wọ́n wá na ọwọ́ jáde pé àwọn fẹ́ ọ̀kan sí i.

BabaỌlọ́gbà

Kú ìnáwó, ẹ̀mí á ṣe púpọ̀ ẹ̀. Ìkúùkù kan yẹn ńkọ́, ṣé o fi sílẹ̀?

Àbẹ̀kẹ́_Mọ́níyà

Mo fi sílẹ̀ sà. Ó ti rú dé orúnkún mi báyìí, màmá ní kí n wá gé e.